Tọkọtaya tó fẹ́ lọ wo Bràsíìlì, ṣé ẹ ti gun Òkè Ìdànrè?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, nítorí ìrìn-àjò a máa la ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn wà tó ti rin gbogbo oko olóko tán, tí kò sì tíì dé ìdí kòkó bàbá tirẹ̀ rí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá jẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá kan Òkè Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó.

Lóde òní, kì í ṣe ìròyìn mọ́ pé tọkọtaya tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn ọmọ wọn sì ti dàgbà, di ẹrù wọn, wọ́n gba òkè òkun lọ. Wọn kò lọ sin òkú, wọn kò sì lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ tuntun. Oúnjẹ ojú ni wọ́n bá lọ. Ọ̀kan lára ibi tí àwọn òyìnbó máa ń lọ jù fún irú ìgbafẹ́ báyìí ni àwọn ìlú tó wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà: Salvador àti Rio de Janeiro ní Bràsíìlì, Medellín ní Kòlóńbíà, Cusco ní Pẹrú. Ọkọ àti ìyàwó a lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, wọn a máa bọ́ láti ìlú kan sí èkejì, wọn a máa ya fọ́tò, wọn a sì máa náwó.

Bí ènìyàn bá wá tú ẹrù ohun tí wọ́n lọ wò yìí palẹ̀, nǹkan mẹ́rin ni yóò rí níbẹ̀: òkúta ńlá, ìlú àtijọ́, oko kòkó, àti àṣà tí àwọn ọmọ Yorùbá gbé sọdá òkun. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà ní Ìdànrè, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ohun tó fi àwọn ìlú wọ̀nyẹn ju Ìdànrè lọ ni ìtọ́jú, kì í ṣe ẹwà.

ÀTẸ̀GÙN 682

Láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè, ọ̀nà náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 25 lọ. Kí ọkọ̀ tó dé ìlú ni òkúta yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lókè igbó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí wọn yóò fi yí ìlú ká bí ọgbà. Àwọn mìíràn nínú wọn ga tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà sí orí omi òkun. Ìsàlẹ̀ wọn ni ìlú tòní tẹ̀dó sí, tí ọjà, ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wà.

Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, orí òkè ni ìlú wà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, tí wọ́n rí i pé ọ̀tá kò lè tètè dé orí òkúta, tí wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Wọ́n bí ọmọ níbẹ̀, wọ́n sin òkú níbẹ̀, wọ́n jẹ ọba níbẹ̀, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn òyìnbó ń ṣèjọba, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí ọ̀nà mọ́tò lè gbà, tí oko kòkó sì sún mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ lónìí yóò gun àtẹ̀gùn 682. Ibùsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà, tí ènìyàn lè jókòó kó mí. Tọkọtaya tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún yóò mọ rírì márààrún. Ní ibùsinmi àkọ́kọ́, wọn yóò ṣì máa fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ní ìkejì, ìyàwó lè ní kí Bàbá Ṣadé máa lọ, pé òun ń bọ̀. Tó bá fi máa di ìkẹta, Bàbá Ṣadé gan-an yóò ti jókòó, yóò máa wá omi mu. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dúró, bí wọ́n bá bojú wẹ̀yìn, ìlú yóò ti kéré sí i nísàlẹ̀, òrùlé páànù yóò máa dán láàárín ewé, òkúta yóò sì gbòòrò sí i níwájú wọn.

OHUN TÓ WÀ LÓRÍ ÒKÈ

Nígbà tí àtẹ̀gùn bá tán, ìlú àtijọ́ ló kù. Ààfin Ọwá, ìyẹn ọba Ìdànrè, wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgbàlá àti àwọn òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé agogo wà níbẹ̀, ojúbọ àti ibi ìsìnkú náà sì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ Agbóògùn wà lára òkúta, ìyẹn ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ti ọdẹ ńlá ayé ọjọ́un. Ìgbàgbọ́ àwọn ará ìlú ni pé ẹsẹ̀ ńlá àti kékeré ló máa ń ba ojú ẹsẹ̀ yìí mu, àfi ti àjẹ́ nìkan. Tọkọtaya tó bá ti ara wọn síwájú pé kí ẹnìkejì kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ̀ ọ́ yóò rẹ́rìn-ín dáadáa.

Omi Apáàrá, ìyẹn omi àrá, wà níbẹ̀. Àmì kan wà lára òkúta tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò tíì lè kà. Òkè Orosùn náà wà níbẹ̀, tó ń jẹ́ orúkọ obìnrin tí ìlú sọ di òrìṣà, tí wọ́n sì ń ṣọdún rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ní ọdún 2007, ìjọba Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi tó ń retí kí wọ́n gbà á sí ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Ibi méjì péré ní Nàìjíríà ló ti wọ ìwé àjogúnbá náà gan-an: Sukur ní Adamawa, ní 1999, àti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ní 2005. Ìdànrè ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

ÒKÚTA KAN NÍ KÒLÓŃBÍÀ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí òkúta lè dà lọ́wọ́ ẹni tó tọ́jú rẹ̀, kó wo Guatapé, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Medellín ní Kòlóńbíà. Òkúta kan ṣoṣo ló wà lẹ́bàá rẹ̀, tó ga tó nǹkan bíi mítà 200. Ọdún 1954 ni wọ́n sọ pé ènìyàn kọ́kọ́ gùn ún dé orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn sínú ojú ibi tí òkúta náà ti là. Àtẹ̀gùn ọ̀hún lé ní 700, ìyẹn ni pé díẹ̀ ló fi ju ti Ìdànrè lọ.

Síbẹ̀, láti gbogbo ayé ni tọkọtaya ti ń wá gun òkúta yìí. Ọlọ́jà wà nísàlẹ̀, olóúnjẹ wà nísàlẹ̀, bí ènìyàn bá sì dé orí, yóò rí ibi tó ti lè ra nǹkan tútù mu. Àwọn ará Guatapé kò sì fi mọ sí òkúta nìkan. Wọ́n kun ilé wọn ní ọ̀dà aláràbarà, wọ́n sì ya àwòrán sí ìsàlẹ̀ ògiri: òdòdó, ẹranko, tàbí iṣẹ́ tí onílé ń ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkúta kì í wọkọ̀ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A rìn káàkiri ìlú, a jẹun, a sì sùn mọ́jú.

Ibẹ̀ gan-an ni Ìdànrè ti ń pàdánù. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń ti Àkúrẹ́ wá láàárọ̀, tí wọ́n ń gun òkè, tí wọ́n sì ń padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Owó tí wọn ì bá ná sí oúnjẹ, ibùsùn àti ẹrù tí wọn yóò gbé relé, Àkúrẹ́ ni wọ́n ń ná an sí.

RIO: KÍ ÀGBÀ LÈ DÉ ORÍ ÒKÈ

Ní Rio de Janeiro, òkúta kan wà létí òkun tí wọ́n ń pè ní Òkè Ṣúgà, tó ga ní mítà 396. Ẹni tó bá ti rí Ìdànrè tó sì rí òkúta yìí yóò rò pé ìyá kan náà ló bí wọn, nítorí bákan náà ni orí wọn ṣe pá, tí ẹ̀gbẹ́ wọn sì ń dán. Kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé ilẹ̀ kan náà ni Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà jẹ́ ní àtijọ́, kí wọ́n tó pínyà ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òkúta inú wọn ti wà kí ìpínyà náà tó dé.

Láti 1912 ni ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà ti ń gbé ènìyàn lọ sí òkè yẹn. Ní òkè kejì tó ń jẹ́ Corcovado, níbi tí wọ́n gbé ère ńlá Jésù dúró sí ní 1931, tẹ́lẹ̀, àlejò tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè ṣì ní láti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 200 kó tó dé ìdí ère. Ní 2003, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn oníná tó ń gbé ènìyàn lọ sókè fúnra rẹ̀ síbẹ̀, kí arúgbó àti aláàbọ̀ ara má baà dúró sísàlẹ̀.

Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gbẹ́ Òkè Ìdànrè lu kí wọ́n fi wáyà sí i. Àwọn ojúbọ ibẹ̀ kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ìdìmú tó le, ibùsinmi tí òrùlé rẹ̀ kò jò, omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera kan tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í ṣe ohun tó kọjá agbára ìjọba ìpínlẹ̀. Ní àsìkò Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, láàárín 2009 sí 2017, ìjọba Òǹdó gbé àjọ̀dún gígun òkè tí wọ́n pè ní MARE kalẹ̀ ní Ìdànrè, àlejò sì ya wọ ìlú. Àjọ̀dún dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ ni. Ẹni tó ń ta iyán nísàlẹ̀ òkè ń fẹ́ àlejò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

SALVADOR: NÍBI TÍ ÀKÀRÀ TI DI OHUN ÀJOGÚNBÁ

Ìlú Salvador ní Bahia ni yóò ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu jù. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa lọ ní oko ẹrú. Àárín ìlú àtijọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Pelourinho, orúkọ tó wá láti ara òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ kí wọ́n tó nà án. Àjọ UNESCO gba ibẹ̀ sí ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1985. Ìlú náà ní òkè àti ìsàlẹ̀ bíi ti Ìdànrè, ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n ṣí ní 1873 ló sì so méjèèjì pọ̀.

Obìnrin tó wọ aṣọ funfun, tó wé gèlè, tó jókòó ti agbada epo pupa ní ìta Salvador, àkàrà ló ń dín. Acarajé ni wọ́n ń pè é, ẹ̀wà náà ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ní 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà yìí sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn ilé òrìṣà tí àwọn ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ti ń sin Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja, náà wà lábẹ́ ààbò òfin. Tọkọtaya òyìnbó a wọkọ̀ òfurufú lọ wo gbogbo èyí. Alákàrà Ìdànrè ń bẹ lẹ́bàá títì, kò sì sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀. Adìẹ funfun kò kúkú mọ ara rẹ̀ lágbà.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní Salvador tí Ìdànrè kò gbọdọ̀ gbàgbé. Nígbà tí wọ́n tún Pelourinho ṣe ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n kó kúrò, kí ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìtura lè rí àyè. Ilé dára, ṣùgbọ́n onílé kò sí ńlé mọ́. Àtúnṣe tó bá máa dé bá Òkè Ìdànrè, àwọn ọmọ Ìdànrè ni kó kọ́kọ́ ṣe láǹfààní.

KÒKÓ TÓ TI ÌLÚ WỌN WÁ

Àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè mọ kòkó ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ìlú wọn wà lára àwọn ibi tí kòkó ti ń jáde jù ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkó ti wá. Láti Bràsíìlì ni wọ́n ti gbé e wá sí erékùṣù Príncipe ní nǹkan bí 1822, ó gba Fernando Po kọjá, ó sì wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1870.

Ní Bahia kan náà, ìlú Ilhéus ni olórí ìlú kòkó. Ní 1989, àrùn kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ìgbálẹ̀ àjẹ́ wọ oko wọn, ó sì run kòkó débi pé ọ̀pọ̀ olóko di aláìní. Díẹ̀ nínú wọn bá ṣí oko wọn sílẹ̀ fún àlejò. Wọn a fi igi kòkó hàn wọ́n, wọn a la èso rẹ̀ kí wọ́n lá omi dídùn ara rẹ̀, wọn a fi bí wọ́n ṣe ń sá a hàn wọ́n, wọn a sì ta ṣokoléètì tí wọ́n fúnra wọn ṣe fún wọn.

Kí ló dé tí àgbẹ̀ Ìdànrè kò lè ṣe irú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló ń jẹ ṣokoléètì tí kò rí kòkó lórí igi rí. Bí olóko bá mú tọkọtaya kan àti àwọn ọmọ wọn wọ oko, tó fi bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó hàn wọ́n, tí ìyàwó rẹ̀ sì se iṣu àti ọbẹ̀ fún wọn, owó ni. Ní 2024, owó kòkó gbówó lórí lágbàáyé ju bó ti ṣe rí rí lọ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá ti dàgbà mọ̀ pé owó kòkó a máa lọ sókè, a sì máa wá sílẹ̀. Iṣẹ́ kejì kì í bu àgbẹ̀ kù.

KÍ ÒJÒ TÓ GBÀ Á

Ní Pẹrú, ìlú òkè tí wọ́n ń pè ní Machu Picchu, tí UNESCO gbà wọlé ní 1983, ti gbajúmọ̀ débi pé ìjọba ti fi òté lé iye ènìyàn tó lè wọ ibẹ̀ lójúmọ́. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ibẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé orí Òkè Ìdànrè. Ilé amọ̀ tí ènìyàn kò gbé mọ́, òjò ni yóò gbà á, bí a kò bá tún un ṣe lọ́dọọdún.

Ògiri nìkan kọ́ ló ń lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sórí òkè náà ní 1925, bó bá ṣì wà láyé, ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu irú àwọn bẹ́ẹ̀ náà ti di àgbà. Ta ló mọ agbo ilé tó ni ògiri kọ̀ọ̀kan? Ta ló mọ ẹni tó sùn sí ibojì kọ̀ọ̀kan? Bí àwọn ọmọ kò bá tètè jókòó ti àwọn àgbà yìí pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, òkúta lásán ni amọ̀nà yóò máa fi han àlejò lọ́jọ́ iwájú.

BÍ ẸNI TÓ BÁ FẸ́ LỌ YÓÒ ṢE MÚRA

Tọkọtaya tó bá fẹ́ gun òkè náà, ẹ̀rùn ló dára jù, nítorí òkúta a máa yọ̀ lásìkò òjò. Kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Bàtà tó fún ẹsẹ̀ dáadáa ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Kí wọ́n mú omi dání, kí àgbà sì mú ọ̀pá. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí orúnkún dídùn, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná. Kí wọ́n mú amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ìlú, kí wọ́n sanwó tó tọ́ fún un, kí wọ́n sì bi í kí wọ́n tó ya fọ́tò ojúbọ. Kí wọ́n má fi alẹ́ rìn lójú ọ̀nà. Kí wọ́n kúkú sùn sí Ìdànrè mọ́jú, kí ìlú lè rí nínú owó wọn.

Ẹni tí kò bá lè gùn ún dé orí kò pàdánù gbogbo rẹ̀. Láti ibùsinmi kejì, ìlú ti hàn. Láti ìsàlẹ̀ pàápàá, bí oòrùn bá ń wọ̀, òkúta wọ̀nyẹn a máa pa àwọ̀ dà lójú ẹni.

Rio dára, Salvador dára, ẹni tó bá sì lówó lọ́wọ́, kó lọ. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn 682 yẹn, bó bá wá dé Rio lọ́jọ́ kan tó rí òkúta wọn níwájú òkun, yóò lè yíjú sí ìyàwó rẹ̀, yóò ní, "Ìyá Ṣadé, irú èyí wà nílé."